Oṣù keje rèé tí ọwọ́ ọ̀tún mi kò ṣiṣẹ́: níbo ni ẹ ti ń rí okun inú?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìgbógbó, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí ní Ìgbógbó, ní agbègbè Ìkòròdú, ọmọ ọdún 47 sì ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọ̀gá mi ti dá mi sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń fi ọwọ́ méjèèjì yìí bọ́ ilé mi. Ní oṣù méje sẹ́yìn, bí mo ṣe ń wọn pákó ilẹ̀kùn kan ní òwúrọ̀, téèpù bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ kò sì dá mi lóhùn. Kí àwọn ọmọọṣẹ́ mi tó gbé mi dé ilé ìwòsàn, ẹnu mi ti wọ́ sápá kan. Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á, pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ní apá òsì ọpọlọ mi, àti pé apá òsì ọpọlọ ló ń darí apá ọ̀tún ara. Bí ẹ̀gbà ṣe mú mi nìyẹn.

Mo dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti padà, mo sì ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ ni kò gbà. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í rí ìyàtọ̀: èjìká ló kọ́kọ́ gbéra, ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn ìka bẹ̀rẹ̀ sí í kákò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíṣí ń nira fún wọn. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, n kò rí ohunkóhun mọ́. Ẹnì kan tí a gbà pé ó mọ̀ nípa ìṣègùn wá sọ ọ́ lójú mi fún ìyàwó mi pé ohun tí kò bá ti padà láàárín oṣù mẹ́fà, kò tún ní padà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe físíò fún mi, ìyẹn ìtọ́jú tí a fi ń kọ́ ara láti tún ṣiṣẹ́.

Àwọn ọmọọṣẹ́ mi ń ṣe dáadáa. Wọ́n ti kó ayùn àti ìfági mi pa mọ́ kí n má baà rí wọn kí ọkàn mi bàjẹ́. Mo ti gbọ́ ìwàásù, mo ti gbọ́ àwọn tó ń fún ènìyàn ní ìṣírí lórí rédíò, inú mi a sì dùn fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà n óò tún wo ọwọ́ tó wà lórí itan mi bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Ìbéèrè mi ni èyí: ẹ̀yin tí ẹ ti la ohun líle kọjá, níbo ni ẹ ti rí okun inú tí ẹ fi jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí èyí tí ẹ ṣe lánàá kò so èso kankan? Ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbà mí ju wákàtí kan lọ.

Ọmọ Ẹ̀bútè, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà yẹn gbọ́ rárá. Ẹ wo Folashade Oluwafemiayo, ọmọ orílẹ̀-èdè wa tó ń gbé irin wúwo nínú ìdíje Paralympics ti àwọn aláàbọ̀ ara. Ó gba góòlù ní Tokyo ní ọdún 2021, ó sì tún gba òmíràn ní Paris ní ọdún 2024. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e ni ó gbé ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń sáré kò lè gbé. Ìgbàgbọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ fi agbára mú ọwọ́ náà, ẹ fà á, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì sinmi títí yóò fi gbọ́ràn sí yín lẹ́nu.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago márùn-ún ìdájí

Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Ẹja ni mo ń yan ní Ẹ̀pẹ́, apẹja sì ni ọkọ mi. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ẹ̀gbà mú un, apá ọ̀tún bíi tiyín, ọwọ́ tó fi ń da àwọ̀n gan-an. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, nítorí pé mo rò pé ó kàn yín.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fi ṣíbí bọ́ ọkọ mi. Èmi ni mò ń wọ̀ ọ́ láṣọ, èmi ni mò ń dí bọ́tìnnì rẹ̀, èmi náà ni mò ń gbé ife sí i lẹ́nu. Ìfẹ́ ni, Ọlọ́run sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ní ọjọ́ kan, mo kó ẹja lọ sí ọjà Olúwo, ọjà kò tètè tú, kò sì sí ọmọ kankan nílé tí yóò fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá a lórí ẹní: ó ti wa ẹ̀bà fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ́, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún tó rọ lé etí abọ́ kí abọ́ má baà sá. Ọbẹ̀ wà ní gbogbo ara rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Mo ti jẹun." Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo sunkún, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé àánú mi ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ náà. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ń dí bọ́tìnnì ẹ̀wù yín? Ta ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún yín? Ẹ ní àwọn ọmọọṣẹ́ yín ti kó ayùn pa mọ́. Wọn kò ní ibi nínú o, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n kó o jáde.

Ará Àgbọ́wá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ òwúrọ̀

Oògùn òyìnbó tí wọ́n fún yín ló ń dá ọwọ́ yẹn dúró. Ẹ pa á tì fún oṣù kan, kí ẹ máa mu àgbo, kí ẹ sì máa gbàdúrà. Mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí ó dìde.

Nọ́ọ̀sì Ìmọ̀tà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì ọ̀sán

Mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn tí ẹ̀gbà mú, nítorí náà mo bẹ̀ yín kí ẹ gbà mí láàyè láti sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ dá Ará Àgbọ́wá lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí lè pa ènìyàn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró. Òun ló ń dín ewu ẹ̀gbà kejì kù, ẹni tí ẹ̀gbà ti mú lẹ́ẹ̀kan sì sún mọ́ èkejì ju ẹni tí kò mú rí lọ. Bí ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ bá ń ka 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu wà nílẹ̀, bí ara tilẹ̀ dá ṣáká. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n kò sí àdúrà tó ní kí ènìyàn da oògùn rẹ̀ nù.

Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà wá kù. Òótọ́ ni pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ara máa ń yára jù lọ, nítorí pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe ní àkókò náà. Irọ́ ni pé ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn oníwàádìí ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 222, tí ẹ̀gbà ti mú fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án. Wọ́n fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn bo ọwọ́ tó dá ti apá kan nínú wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, láti ìgbà tí wọ́n bá jí títí di àkókò oorun, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ tó rọ ni wọ́n ń fi ṣe ohun gbogbo, wọ́n sì ń fi wákàtí púpọ̀ kọ́ ọ ní iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí sàn ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí a ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tí ọdún kan sì kọjá, ìyàtọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó lè gbé ọrùn ọwọ́ àti ìka rẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀nà yìí wà fún, abẹ́ ojú ẹni tó mọ iṣẹ́ físíò ni a sì ti ń ṣe é, kí ènìyàn má baà ṣubú.

Edward Taub, oníwàádìí kan ní Amẹ́ríkà, ni ẹni tó la ọ̀nà náà, ohun tó sì rí kí ó tó là á ni Ìyá Ẹlẹ́ja ti fojú ara rẹ̀ rí ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ọwọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, gbogbo ohun tí ẹ bá fi gbìyànjú rẹ̀ ni yóò bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ kejì yóò sì ṣe é láìsí wàhálà. Ọpọlọ a wá kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò dára: kí ó má tún pe ọwọ́ náà mọ́. Ọwọ́ náà lè ti ní agbára díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rán an níṣẹ́.

Ìṣòro kejì ni iye ìgbà. Ní ọdún 2009, àwọn kan jókòó ti àwọn aláìsàn ní ibi físíò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n sì ka iye ìgbà tí ọwọ́ tó rọ ń ṣe iṣẹ́ gidi nínú ìjókòó kan. Bí ìgbà 32 péré ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà 400 sí 600 lójúmọ́ ni wọ́n ń mú ẹranko ṣe é nínú àwọn ìwádìí tó fi hàn pé ọpọlọ ń yí padà. Bàbá, n kò mọ iye tí ẹ̀yin ń ṣe kí ẹ tó dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n mo fura pé ọwọ́ náà kò tíì dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Iṣẹ́ tí ó rí ṣe ló kéré.

Ọmọ Ẹ̀bútè, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni kí ó fa ọwọ́ tí ẹ̀gbà mú. Iṣan tó so èjìká ró ti dẹ̀, bí a bá fà á, èjìká lè yẹ̀ kúrò ní ibùgbé rẹ̀, ìrora rẹ̀ yóò sì dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Obìnrin tí o dárúkọ, kílò 152 ló fi gba góòlù ní Tokyo, kílò 167 sì ló gbé ní Paris. Kílò 15 ni ìyàtọ̀ ọdún mẹ́ta, fún ẹni tó jẹ́ pé irin gbígbé ni iṣẹ́ rẹ̀ ní àràárọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ. Nínú ẹni mẹ́ta tí ẹ̀gbà mú, bí ẹnì kan ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó jẹ́ àìsàn gidi máa ń mú. Bí oorun kò bá wá mọ́, bí oúnjẹ bá kú lẹ́nu, bí ohunkóhun kò bá wu ènìyàn láti ṣe, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹ sọ fún dókítà yín. Ìtọ́jú wà fún un.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìgbógbó, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ogún ìgbà ni mò ń na ìka mi kí ó tó sú mi, ojoojúmọ́ kọ́ sì ni. N kò mọ̀ pé iye ń bẹ tí ènìyàn ń kà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ òtítọ́. Nígbà tí mo ka ìgbà 400, kì í ṣe inú dídùn ni mo kọ́kọ́ ní, ẹ̀rù ló bà mí. Oorun tí ẹ sọ, òótọ́ ni. Láti bí oṣù méjì ni mo ti ń jí ní aago méjì òru, tí n óò máa wo àjà. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní ìyàwó mi kò mọ̀. N óò sọ fún dókítà ní ọjọ́ Ẹtì tí mo bá lọ gba oògùn.

Tíṣà Àgbà, Bàdágìrì, ọjọ́rú, aago mẹ́wàá òwúrọ̀

Àbúrò mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Bàdágìrì, n kò sì mọ nǹkan kan nípa ìṣègùn. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ni oṣù méjì tí ẹ ní ẹ kò rí ohunkóhun.

Ní etí omi wa níbí ni ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, kọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni àlùfáà Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ sí Bàdágìrì pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì gbé lọ sí Sàró. Abẹ́òkúta ni ó ń lọ. Ìròyìn tí ó bá pàdé ní Bàdágìrì ni pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó fẹ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ti kú. Ọ̀nà dí. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi wà ní Bàdágìrì.

Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ro ọdún kan ààbọ̀ yẹn dáadáa. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìpàdé tó wà ní iwájú rẹ̀: ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, Crowther fojú kan ìyá tó bí i lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún un ní Bàdágìrì pé ìyá rẹ̀ ń bẹ níwájú. Ohun tí ó rí ni ọ̀nà tó dí. Síbẹ̀, wọn kò jókòó kí wọ́n máa wo ọ̀nà. Wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní ìwé, wọ́n ń kọ́lé sí ìlú tí wọn kò ní i lọ́kàn láti gbé. Oṣù méjì tiyín yẹn, n kò mọ ohun tó wà ní iwájú rẹ̀, n kò sì ní ṣèlérí ohun tí n kò mọ̀ fún yín. Mo kàn ń bi yín pé, kí ni ọwọ́ náà lè máa kọ́ nígbà tí ọ̀nà ṣì dí?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Odògúnyàn, ọjọ́rú, aago méje alẹ́

Ọ̀gá mi, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà ni mo jẹ́. N óò sọ ohun tó lè ta ko tàwọn yòókù díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.

Ẹ má ṣe so ṣọ́ọ̀bù yín mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Ó lè padà, ó sì lè má padà tán. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ọwọ́ bá dá ni ẹ fẹ́ padà sí ẹnu iṣẹ́, ẹ ti fi ojúmọ́ yín dógò. Ojú yín ló mọ pákó tó tutù àti èyí tó gbẹ. Ẹnu yín ló mọ iye tí a fi ń gba iṣẹ́. Ọwọ́ òsì lè kọ́ bí a ti ń sàmì sí pákó, mo sì mọ agbẹ́gilére kan tí kò fi ọ̀tún ṣe iṣẹ́ kankan rí. Kí ènìyàn yí ọwọ́ padà kì í ṣe ìjákulẹ̀.

Ní ti ìgbà 400, ẹ̀rù kò yẹ kó bà wá, àwa tí a ń dán pákó. Ìgbà mélòó ni sáńpépà ń lọ tó ń bọ̀ lórí ẹnu tábìlì kan kó tó dán? A kì í kà á ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ yín fi sáńpépà wé pákó kékeré kan, kí ó fi ìgbànú aṣọ so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún yín, kí ẹ jókòó, kí ẹ máa tì í lọ kí ẹ máa fà á bọ̀ lórí pákó oníbàárà. Iṣẹ́ gidi ni o. Pákó tí ẹnikẹ́ni kò ní lò, kò ní pẹ́ tí yóò fi sú yín.

Nọ́ọ̀sì Ìmọ̀tà, ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Mo fara mọ́ ọn, pẹ̀lú àfikún kan. Ẹ yan àkókò tí ọwọ́ òsì yóò ṣe ti ìṣòwò, kí ẹ sì ya àkókò mìíràn sọ́tọ̀ tí yóò jẹ́ ti ọ̀tún nìkan, bí òsì bá sì fẹ́ dá sí i, kí ẹ jókòó lé e. Ẹ so àkókò náà mọ́ ohun tí kì í yẹ̀ nínú ọjọ́ yín. Bí ẹ bá ní "n óò ṣe é lónìí," ó lè má ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ní "bí mo bá ti fi ife tíì sílẹ̀, n óò so sáńpépà mọ́ ọwọ́," kò ní sí àyè láti máa bi ọkàn bóyá ó wù ú. Ẹ padà síbi físíò kí wọ́n wo èjìká náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà 50 tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ Ẹ̀bútè, ọjọ́rú, aago mẹ́wàá alẹ́

Mo gbọ́ o, ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì, mo sì gba ìbáwí. Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀bútè kò jìnnà sí Ìgbógbó. Bí ẹ bá fẹ́, n óò máa wá gbé yín lọ síbi físíò ní gbogbo ọjọ́bọ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìgbógbó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Mo ṣèlérí nínú ọkàn mi pé n kò ní kọ ohunkóhun títí n óò fi ní ohun tí mo lè sọ.

Mo sọ fún dókítà nípa oorun. Ó bi mí ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè, ó sì fi oògùn kan kún tèmi. Oorun ti ń dé aago márùn-ún báyìí. Wọ́n wo èjìká mi níbi físíò, wọ́n fi bí n óò ṣe jókòó hàn mí, Ọmọ Ẹ̀bútè ló sì ń gbé mi lọ tó ń gbé mi bọ̀. Kò tíì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìgbà 38 ni mo ti sáńpépà lọ, òógùn bò mí, mo sì dúró. Ọjọ́ kẹrin, n kò ṣe é rárá. Ọjọ́ karùn-ún, mo mu tíì, mo fi ife sílẹ̀, ọmọọṣẹ́ mi kékeré ti dúró tì mí pẹ̀lú ìgbànú aṣọ láìjẹ́ pé mo pè é. Òun ló ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri bí ó ti ń kà á. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi parí, a ti kọjá 150. Lánàá, ó jẹ́ 210. N kò tíì dé 400, ọwọ́ náà kò sì tíì lè mú ayùn. Ìyàwó mi kò dí bọ́tìnnì mi mọ́. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá láti wọ ẹ̀wù ní àárọ̀ òní, òun sì jókòó sórí ibùsùn, ó dúró dè mí.

Ìbéèrè tí mo bi yín ni ibi tí okun inú ti ń wá. Mo rò pé kí ó kọ́kọ́ dé ni, kí iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. N kò rí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí tí ó dé ṣáájú sáńpépà. Ní bí ìgbà ọgbọ̀n ni mo máa ń tó mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀.

Lónìí, ìka ọ̀tún mi ṣí tó ohun tí pẹ́ńsù gbà. Mo fi òsì ràn án lọ́wọ́ láti mú un, lẹ́yìn náà mo yọ òsì kúrò, mo sì fa ìlà lórí pákó tí a fẹ́ fi ṣe àpótí ìjókòó fún Ìyá Ẹlẹ́ja, tí n óò fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ bí ó bá parí. Ìlà náà wọ́. Ọmọọṣẹ́ mi mú rúlà, ó fẹ́ tún un fà. Mo ní kí ó fi rúlà sílẹ̀. Ó gbé ayùn, ó sì rẹ́ pákó náà lórí ìlà tí mo fà.